Ògún Kì í Jẹ́rìí Èké: Ọ̀rọ̀ fún Àwa Tí À Ń Wakọ̀ ní Chicago

Ọ̀rọ̀ Ògún ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n n kò ní bẹ̀rẹ̀ láti Ìrè, n kò sì ní sọ bó ṣe la ọ̀nà fún àwọn irúnmọlẹ̀, torí ẹ ti gbọ́ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ táyà ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ bíréèkì. Ọ̀rọ̀ iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tó kú, tí ẹ ti mọ̀ pé ó kú láti oṣù tó kọjá.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wa ọkọ̀ ẹrù gba àwọn ọ̀nà ìlú yìí, mo sì tún jẹ́ ẹni tí àwọn èèyàn ń gbé ọkọ̀ wá bá pé kí n bá àwọn bọ Ògún sí i. Ọkọ̀ Uber, ọkọ̀ takisí, ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní gbàǹjo, tírélà ńlá pàápàá. Wọ́n á mú ọtí wá, wọ́n á mú obì wá, ẹlòmíràn á gbé àkùkọ dání. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé mo máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo táyà. Ó ti bí àwọn kan nínú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé Camry wá lọ́dún kan, táyà iwájú méjèèjì ti jẹ débi pé wáyà inú rẹ̀ ti yọjú. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàdúrà sí i ná, mo máa pààrọ̀ ẹ̀ tí mo bá ti rí owó ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.” Mo ní rárá. Mo ní kó lọ ra táyà, kó padà wá, obì rẹ̀ ò ní gbó jù. Ẹ̀gbọ́n kan tó bá a wá wò mí títí, ó ní, “Ṣé babaláwo lẹ jẹ́ ni àbí mẹ́káníìkì?”

Ìbéèrè yẹn dára. Òun ni mo fẹ́ dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé àgbẹ̀dẹ nílé. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí àdúgbò àgbẹ̀dẹ mọ ohun tí mo ń sọ: ẹwìrì ń fẹ́ iná, òòlù ń dún, ojúbọ Ògún sì ni gbogbo ibẹ̀, torí pé owú tí wọ́n ń lu irin lé lórí, nǹkan òrìṣà ni. Bí alágbẹ̀dẹ bá rọ àdá tán, kí ló máa ń ṣe kó tó fún ẹni tó ni í? Á fi òòlù kàn án, á tẹ́tí. Irin tó dá ṣáká máa ń dún gooro. Èyí tó bá ti sán, ohùn rẹ̀ á kú. Bí ohùn rẹ̀ bá kú, àdá padà sínú iná nìyẹn. Kò sí alágbẹ̀dẹ tó máa ta epo sórí àdá tó ti sán, kó súre fún àgbẹ̀, kó ní kó máa lọ sóko. Bẹ́ẹ̀ inú ojúbọ ló jókòó sí o! Ta ni nínú yín tó máa sọ pé alágbẹ̀dẹ yẹn ò nígbàgbọ́?

Torí náà, ẹ̀gbọ́n, àwọn tó kọ́kọ́ jẹ́ àwòrò Ògún, mẹ́káníìkì ni wọ́n. Àyẹ̀wò irin ti wà nínú ìsìn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwa tí à ń wakọ̀ ẹrù náà ṣì máa ń fi igi gbá táyà tírélà ká tó gbéra, a ń tẹ́tí sí ohùn rẹ̀ bíi ti alágbẹ̀dẹ. (Gééjì dára jù ú lọ ṣá o. Igi á sọ fún yín pé táyà ti kú pátápátá, kò lè sọ iye afẹ́fẹ́ tó kù nínú rẹ̀.)

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1994. Àwọn tó ti pẹ́ ní Chicago á rántí. Pásítọ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀, ará ìlú yìí, kó mẹ́fà nínú àwọn ọmọ wọn sínú ọkọ̀, wọ́n gba I-94 lọ sí apá àríwá, sí Wisconsin. Nígbà tí wọ́n dé Milwaukee, irin kan já bọ́ láti ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹrù tó wà níwájú wọn, irin tó di rọ́bà ìdènà ẹrẹ̀ àti iná ẹ̀yìn mú. Ọkọ̀ wọn gun orí irin náà, irin gún táǹkì epo, iná sọ. Ọmọ márùn-ún kú níbẹ̀, ìkẹfà kú lẹ́yìn wọn. Bàbá àti ìyá nìkan ló yè é, pẹ̀lú ojú iná lára.

Irin yẹn ò ṣàdédé bọ́. Àwọn awakọ̀ mìíràn ti rí i tó ń fì, wọ́n ń pe awakọ̀ náà lórí rédíò tí àwa awakọ̀ fi ń bára wa sọ̀rọ̀, wọ́n ń sọ fún un pé nǹkan fẹ́ já lẹ́yìn rẹ̀. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó láti mọ ohun tí wọ́n ń wí. Báwo wá ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ńlá? Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tú u wò, wọ́n rí i pé ní ọ́fíìsì Akọ̀wé Ìpínlẹ̀ Illinois, tó ń fún awakọ̀ ní láísẹ́ǹsì, àwọn òṣìṣẹ́ kan ń gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, wọ́n ń fún ẹni tí kò yege ní ìwé, apá kan owó náà sì ń wọ àpò ìpolongo ìbò ọ̀gá wọn, George Ryan. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ yẹn ṣubú sínú iná gan-an ni ọjọ́ ìdìbò tí wọ́n tún yan Ryan sípò náà. Ó di gómìnà ní 1999. Ìwádìí tí wọ́n pè ní Operation Safe Road mú èèyàn 79, wọ́n dá 76 lẹ́bi. Ryan fúnra rẹ̀, kóòtù dá a lẹ́bi ní 2006, wọ́n sì ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́fà ààbọ̀. (Kì í ṣe òun ló ni Dan Ryan tí a máa ń há sí lójoojúmọ́ o. Ryan mìíràn nìyẹn.)

Mi ò sọ ìtàn yìí láti bú awakọ̀ náà pé kò gbọ́ èdè. Àjèjì ni àwa náà, a mọ bó ṣe ń rí. Mi ò sì fẹ́ gbọ́ ẹni tó máa sọ pé, “Pásítọ̀ ni, kì í ṣe tiwa.” Irin ò bi ẹnikẹ́ni ní ẹ̀sìn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni ẹni tí irin jẹ. Kò jẹ awakọ̀. Kò jẹ òṣìṣẹ́ tó gba rìbá, kò jẹ gómìnà. Ọmọ ọlọ́mọ tó wà lẹ́yìn ló jẹ.

Ìdí nìyẹn tí àdúrà wa fi ń kọ mí lóminú nígbà mìíràn. Ẹ wo bí a ṣe ń gbà á: Ògún, má jẹ́ n rí ìjà rẹ, Ògún, dá mi sí, èmi, ọmọ mi, ọkọ̀ mi. Ó dára, àṣẹ. Ta ló ń gbàdúrà fún ẹni tó wà lẹ́yìn yín lójú ọ̀nà? Ẹni tí iná bíréèkì yín kò tàn sí lójú, kí ló máa fi mọ̀ pé ẹ fẹ́ dúró? Ẹ wo òjò dídì. Ẹ jí láàárọ̀, ẹ nu dígí iwájú díẹ̀, ihò tó tó ojú ológbò, ẹ fi gbogbo èyí tó wà lórí ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ bọ́ sórí Kennedy. Nígbà tí ọkọ̀ bá gbóná, yìnyín tó le bíi pákó á ṣí kúrò lórí ọkọ̀ yín, á lọ gbá dígí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀yin ti lọ. Ẹ ò tiẹ̀ mọ̀. Àdúrà tí ẹ gbà nílé á sì jọ pé ó gbà.

Ní kóòtù nílé, Mùsùlùmí á fi Kùránì búra, Kristẹni á fi Bíbélì, àwa á fi irin. Gbogbo wa la mọ ohun tó wà nídìí irin tí a fẹnu kàn. Tóò. Nínú iṣẹ́ wa, òfin ìjọba àpapọ̀ sọ pé awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù kò gbọdọ̀ gbéra àfi tó bá dá a lójú pé bíréèkì dára, sítíárì dára, iná, táyà, fèrè, wáípà, dígí ẹ̀gbẹ́, àti ibi tí tírélà ti so mọ́ ọkọ̀. Bí ẹni tó gbé ọkọ̀ náà ṣáájú bá ti kọ àléébù kan sílẹ̀, ẹni tó fẹ́ gbé e á ka ìwé náà, á sì fọwọ́ sí i pé òun ti rí i pé wọ́n tún un ṣe. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe é báyìí. Mo sì ti rí wọn, ojú mi ló ṣe: ọkùnrin á jókòó sínú ọkọ̀ tó móoru, kọfí lọ́wọ́, òkùnkùn àti òjò dídì níta, á máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wéré wéré. Bíréèkì, ó dára. Iná, ó dára. Táyà, ó dára. Kò sọ̀kalẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ Ògún wà lọ́rùn rẹ̀ o!

Irin ni ó jókòó lé, irin ló ń jẹ́rìí sí, ó sì fọwọ́ sí irọ́. Ẹ pè é ní ohun tó wù yín. Lọ́dọ̀ tèmi, ìbúra èké ni, níwájú ẹni tí a ò gbọdọ̀ búra èké níwájú rẹ̀. Àwọn tó ta láísẹ́ǹsì, ohun kan náà ni wọ́n ṣe: wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn rí ohun tí wọn kò rí.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ ni gbogbo wa. Ọ̀gá wà níbẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ kan tí mo ti bá ṣiṣẹ́ rí, bí o bá kọ àléébù sílẹ̀, ẹni tó ń pín ọkọ̀ á ní o fẹ́ fi iṣẹ́ ṣòfò, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹrù tí kò lówó lórí ni wọ́n máa fún ẹ. Èèyàn tó ní owó ilé láti san, tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé, á gbé ọkọ̀ yẹn. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kedere: láti 1982 ni òfin ti wà ní Amẹ́ríkà tó dáàbò bo awakọ̀ ọkọ̀ ńlá tó bá kọ̀ láti wa ọkọ̀ tí kò dára. Wọn kò gbọdọ̀ lé e, wọn kò gbọdọ̀ dín owó rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe é, OSHA ni ẹ máa gbé ẹjọ́ náà lọ, kí ọjọ́ 180 tó pé. Ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò. Ìbẹ̀rù ọ̀gá kì í ṣe èèwọ̀ wa.

Ẹ̀gbọ́n tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan tún ní àtakò mìíràn, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní ṣebí bí Ifá bá ti ní kí èèyàn rúbọ nítorí ọ̀nà, tó sì rú u, ó parí? Kí ni táyà tún ń wá níbẹ̀? Mo ní, bàbá mi, kí ni ẹbọ? Ẹbọ ni ohun tí ó ti ọwọ́ wa kúrò tó dùn wá, kí ohun tó burú má bàa bá wa. Àkùkọ kan kò tó owó bíréèkì. Bí Ifá bá ní ewu ń bẹ lọ́nà, tí ẹ rú àkùkọ, tí ẹ sì fi owó bíréèkì pamọ́ sápò, èyí tó dùn yín jù lẹ há mọ́wọ́ yẹn. Mi ò sọ pé kí ẹ má rúbọ o. Mò ń sọ pé kí ẹ rú u tán. Bí jàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, kí ẹ tó bi ọ̀pẹ̀lẹ̀ pé èèwọ̀ wo la jẹ, ẹ kọ́kọ́ bi táyà.

Ẹ má rò pé èrò òyìnbó ni mò ń kó wá sínú Ìṣẹ̀ṣe. Ta ni alága àkọ́kọ́ Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó Nàìjíríà nígbà tí ìjọba dá a sílẹ̀ ní 1988? Wọlé Ṣóyínká ni. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Ògún ni òrìṣà tó gbá mú, tó ń kọ nípa rẹ̀ láti ìgbà èwe. Ọkùnrin yẹn kò jókòó sílé kó máa wo òkú lójú ọ̀nà kó máa ní Ògún ló pa wọ́n. Ó bọ́ sójú ọ̀nà.

Chicago tún ní tirẹ̀, torí ìgbà òtútù. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó tàbí Ìbàdàn dé kì í mọ èyí: bí òtútù bá fi ìwọ̀n 10 lọ sílẹ̀ ní Fahrenheit, afẹ́fẹ́ inú táyà á fi bí ìwọ̀n kan lọ sílẹ̀ lórí gééjì. Bí ẹ bá fẹ́ táyà yín sí 33 ní oṣù kẹsàn-án nígbà tí ojú ọjọ́ wà ní 70, tí ẹ kò sì fọwọ́ kàn án mọ́, nígbà tí ojú ọjọ́ bá dé òdo ní oṣù kìn-ín-ní, bí 26 ló kù. Kò jò o, òtútù ni. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìn-ín-ní 2019, ojú ọjọ́ lọ sí 23 nísàlẹ̀ òdo ní O’Hare; ẹ ṣírò tiyín. Iye tó yẹ kó wà níbẹ̀ wà lára bébà tó lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sára táyà. Kí ẹ sì wọ̀n ọ́n láàárọ̀, kí táyà tó gbóná.

Ti eyín táyà, ẹ mú kọ́bọ̀ kan, owó tí orí Lincoln, ará ìpínlẹ̀ wa níbí, wà lára rẹ̀. Ẹ dojú orí rẹ̀ kọ ilẹ̀ sínú ihò táyà. Bí ẹ bá rí gbogbo orí bàbá náà, táyà yẹn ti tán. Nọ́ńbà mẹ́rin tó parí àwọn lẹ́tà DOT lára táyà ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2316 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016. Iyọ̀ tí ìjọba ń da sójú ọ̀nà ń jẹ irin lábẹ́ ọkọ̀, torí náà ẹ máa bẹ̀rẹ̀ wo páìpù bíréèkì bóyá ó ti ń dípẹtà. Kò sì sí ẹni tó máa bá yín wò ó. Èéfín nìkan ni Illinois ń yẹ̀ wò lára ọkọ̀ ilé. Ọkọ̀ ẹrù ńlá ni òfin ní kó lọ fún àyẹ̀wò ààbò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Sítíkà yín lè pé pérépéré kí bíréèkì yín ti kú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ba inú àwọn kan jẹ́ díẹ̀. Àwọn tó ń kó táyà àlòkù láti ibí lọ sílé. Mo mọ̀ yín, mo sì fẹ́ràn yín. Táyà tí wọ́n ti yọ lára ọkọ̀ òyìnbó nítorí pé ó ti jẹ, ẹ máa ń kó o sínú kọ̀ǹténà, kékeré nínú ńlá, ó di Èkó. Òfin Nàìjíríà kò gbà á kí wọ́n máa kó irú táyà bẹ́ẹ̀ wọlé. Bóyá kọ́sítọ́ọ̀mù rí yín tàbí wọn ò rí yín, ìyẹn wà láàrin yín àti àwọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ń wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn sí Èkó bí ẹ bá lọ sílé fún ọdún. Ṣé ẹ máa ń bi awakọ̀ pé ta ló ta táyà náà fún un?

Ó ku bí a ṣe ń ṣe é nílé wa, torí àwọn èèyàn ti bi mí. Ní ti ẹ̀jẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti dá àwọn ará wa tó jẹ́ Lùkùmí láre ní 1993 nínú ẹjọ́ Hialeah, pé ìlú kò gbọdọ̀ ṣòfin láti dènà ìrúbọ wa. Síbẹ̀, mi ò kí ń ta ẹ̀jẹ̀ sára táyà nínú álì. Aládùúgbò á pe ọlọ́pàá, iyọ̀ òjò dídì á sì fọ̀ ọ́ dànù kí ilẹ̀ tó ṣú. Ojúbọ inú ilé ni mo ti ń bọ ọ́. Lára ọkọ̀, omi tútù, ọtí díẹ̀ àti obì ti tó.

Àyẹ̀wò ló ń ṣáájú. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ láti iwájú ní apá òsì, mo yí i po títí n ó fi padà síbẹ̀, mo ń fọwọ́ kan ohun tí mo bá dé. Mo wo abẹ́ rẹ̀ bóyá nǹkan ń kán sílẹ̀, mo fa ọ̀pá ọ́ìlì, mo wo omi wáípà, nítorí láìsí i iyọ̀ á fọ́ yín lójú lórí I-55. Iná bíréèkì nìkan ni ẹnì kan ò lè dá wò, torí náà àbíkẹ́yìn mi obìnrin máa ń dúró sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú kóòtù rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ. Mo á tẹ bíréèkì, á kígbe: “Òsì tàn! Ọ̀tún tàn! Ti àárín náà tàn, Bàbá mi!” Mo á ní ó ṣeun, kó wọlé kí òtútù má mú un, kó bá mi gbé omi wá.